Sípóòkù Méje Lára Ògiri Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Mi

Ìgbálẹ̀ Kaka ni ohùn tó máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Kaka ni ìyàwó onílé wa ní Kúje. Gbágyí ni, ṣùgbọ́n Kaka ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bí àwọn Hausa ṣe ń pe ìyá àgbà. Á tẹ̀ ba láti ìdí igi máńgòrò títí dé ẹnu ọ̀nà, ṣáá, ṣáá, ṣáá, àwọn ẹtù rẹ̀ á máa pariwo tẹ̀lé e bí ẹni pé wọ́n ń bá a jà. Lẹ́yìn náà ni màá gbọ́ páǹpù bàbá mi níwájú ilé, nítorí iṣẹ́ títún kẹ̀kẹ́ ṣe ni bàbá mi ń ṣe, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì máa ń tètè dé kí oòrùn tó mú. Ìyá mi ló máa ń kẹ́yìn nínú ariwo wọn: yóò da omi gbígbóná sí kókó, bí wọ́n ṣe ń pe ògì níbẹ̀, yóò máa fi síbí lu etí ìkòkò, èmi á sì mọ̀ pé oúnjẹ ti délẹ̀. Bí mo bá ń sọ èyí fún àwọn ọmọ tó wà ní Àbújá lónìí, wọ́n máa ń wò mí bí ẹni tó ń pa àlọ́. Kúje tiwọn kún fún ilé àti ọkọ̀. Kúje tèmi ò mọ̀ pé olú ìlú kan ń bọ̀ wá bá a. Ọjà la ní, oko la ní, a sì ní lọ́rì kan tó máa ń dé lọ́jọ́ ọjà.

Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá mi àti ìyá mi. Yàrá méjì la ní nínú agbo ilé Kaka, èmi nìkan sì ni ọmọ tó wà níbẹ̀. Ọmọ méjì ló tẹ̀lé mi, kò sí èyí tó rí ọjọ́ kẹjọ nínú wọn. Mi ò rántí ojú èkíní, ṣùgbọ́n mo rántí ti èkejì dáadáa, torí pé èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn di àtùpà mú. Ọ̀rọ̀ náà kì í jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni nílé wa. Ìyá mi kàn ń dọ́gbọ́n: bí ó bá ń to àwo, á to mẹ́rin, á tún mú ọ̀kan kúrò. Nígbà tí oyún mìíràn wá dé lọ́dún tí mò ń wí yìí, bàbá mi ní èyí kò ní bọ́ sílẹ̀ ní Kúje. Ọwọ́ Ìyá Ọ̀fà ló máa bọ́ sí. Ìyá Ọ̀fà ni ìyá tó bí ìyá mi, iṣẹ́ agbẹ̀bí ni iṣẹ́ rẹ̀, ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò wọn ló gba ọwọ́ rẹ̀ wáyé. Bàbá mi ti pinnu. Ìyá mi ló ń fà á sẹ́yìn, nítorí ó gbin ẹ̀pà.

"Bàbá Àsàbí, ẹ jẹ́ kí n wú ẹ̀pà mi ná. Ó ku díẹ̀."

"Díẹ̀ wo? Oyún ti wọ oṣù kẹjọ, ẹ̀pà lo ṣì ń wí."

"Bí mo bá lọ, ta ni yóò wú u? Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ju kẹ̀kẹ́ lọ?"

"Èmi àti Àsàbí yóò wú u. Bí ó bá sì jẹrà, kó jẹrà. A ó ra ẹ̀pà."

Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́. Ohun tó ń já mi láyà ni pé mo fẹ́ ọmọ yẹn ju gbogbo wọn lọ. Mo ti ní orúkọ fún un lọ́kàn mi. Mo ti ṣètò ibi tó máa sùn sí lórí ẹní mi. Mo sì mọ̀, bí ọmọdé ṣe ń mọ nǹkan láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un, pé bí èyí náà bá lọ, ìyá mi ò ní í to àwo mọ́.

Ọ̀fà jìnnà. Mo bi bàbá mi bó ṣe jìnnà tó, kò sì fi ẹnu dá mi lóhùn. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó mú sípóòkù àtijọ́, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń wà nínú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ó gé wọn kúkúrú, ó sì fi òòlù gbá méje mọ́ ara ògiri amọ̀, lẹ́sẹẹsẹ, láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé igun. "Gbọ́ dáadáa," ó wí. "Sùlẹ́jà. Mínà. Súngérù. Mókwà. Jẹ́bà. Ìlọrin. Ọ̀fà." Bẹ́ẹ̀ ló ń fi ìka kàn wọ́n. Lọ́rì ni yóò gbé ìyá mi dé Mínà. Níbẹ̀ ni yóò ti wọ ọkọ̀ ojú irin lóru. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, á ti kọjá Súngérù. Á rí odò ńlá ní Jẹ́bà láàárọ̀, á dé Ìlọrin lọ́sàn-án, bí wọ́n bá sì fi máa kí ìrun Àsárì, á ti dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó fi wọ́ṣà kan, irin róbótó tó ní ihò láàárín, kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Ìyá rẹ nìyí," ó wí. "Bí ó bá ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ la ó máa sún un." Mi ò lọ sí ilé ìwé ju ọdún mẹ́ta lọ láyé mi, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti kọ́ bí ọ̀nà ṣe ń gùn nìyẹn, lára ògiri yẹn.

Lọ́jọ́ ọjà, Ṣàdíkù tó ń wa lọ́rì fi ìyá mi síwájú lọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó ní òun ò ní í jẹ́ kí aláboyún jókòó sórí àpò àgbàdo. Ìyá mi gbá mi létí díẹ̀, kì í ṣe ti ìbínú, ó ní kí n máa fún bàbá mi ní oúnjẹ kó tó sọ pé ebi ń pa òun. Lọ́rì lọ. Kaka mú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó fi há orí àjà. Ìdí rẹ̀ ni pé nílé wa, bí ẹnìkan bá gbéra ìrìn àjò, a kì í gbá ojú ilẹ̀ tó gbà jáde títí a ó fi rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ilẹ̀ ibi tó ń lọ. Àṣà tí ìyá mi gbé wá láti Ọ̀fà ni. Kaka kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn ni pé bí bàbá mi ṣe ka ọ̀nà, ìgbálẹ̀ ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ títí di ìrun Àsárì ọjọ́ kejì.

Mo sùn, mo jí. Ilé dọ̀tí. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti sin ẹtù rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ewé máńgòrò, èèpo ẹ̀pà, ìgbẹ́ ẹtù, gbogbo rẹ̀ kún ọ̀nà. Obìnrin kan tó ń lọ pọn omi yọjú, ó ní, "Kai, Kaka! Ṣé ẹtù ti gba ilé lọ́wọ́ yín ni?" Ojú tì mí. Lọ́kàn mi, èmi ni obìnrin ilé wa báyìí, ẹ̀gàn yẹn sì ń bọ̀ wá bá mi. Bàbá mi ti lọ tún kẹ̀kẹ́ ẹnìkan ṣe ní òdìkejì ọjà. Ó ti sún wọ́ṣà dé Súngérù kó tó jáde. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo wò ó títí. Súngérù ti pẹ́ jù lójú mi. Mo yọ wọ́ṣà náà, mo sì gbé e fò kọjá Mókwà, mo gbé e kọjá Jẹ́bà àti Ìlọrin, mo fi kọ́ sípóòkù Ọ̀fà. Mo tọ Kaka lọ, mo ní, "Ìyá mi ti dé."

"Bàbá rẹ ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kaka."

"Yauwa, ó dáa," ó wí, ó sì yọ ìgbálẹ̀ fún mi.

Mo gbá ilé yẹn dáadáa. Kò sí ewé kan tó kù. Mo gbá ojú ọ̀nà tí ìyá mi gbà jáde, títí dé ibi tí táyà lọ́rì ti yí padà. Bàbá mi dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì tún jáde.

"Àsàbí. Ta ló gbé ìyá rẹ dé Ọ̀fà?"

Kò nà mí. Ì bá nà mí, ì bá sàn. Ó padà wọlé, mo sì gbọ́ bó ṣe ń dá wọ́ṣà náà padà sí Súngérù, kín-ín. Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, Ṣàdíkù padà dé láti Mínà, ó ní ọkọ̀ ojú irin ò wá lóru àná. Nǹkan kan bàjẹ́ ní ọ̀nà Kàdúná. Inú ilé ìdúró ọkọ̀ ni òun fi ìyá mi sí pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ó sì ní kí àwọn ará ilé má ṣe wàhálà. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún lọ sún wọ́ṣà sẹ́yìn, láti Súngérù sí Mínà. Mo wá rí i pé nígbà tí mò ń gbálẹ̀, ìyá mi ò tíì kúrò níbì kan. Mo ti gbá ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù, ó sì wà lórí ìjókòó onígi ní Mínà pẹ̀lú ikùn rẹ̀ ńlá.

A ò tún gbọ́ nǹkan kan mọ́. Kò sí fóònù. Lọ́rì ò ní í tún dé títí di ọjọ́ ọjà mìíràn. Bàbá mi ń sún wọ́ṣà, ṣùgbọ́n àbá lásán ló ń dá, mo sì mọ̀, torí ó máa ń sún un, á tún dá a padà. Gbogbo táyà tó bá ń páǹpù ló ń kún jù. Èmi ní tèmi, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí a ń da ilẹ̀ sí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi apẹ̀rẹ̀ kó o padà. Mo kó ewé, mo kó èèpo ẹ̀pà, mo kó ohun tí ẹtù yà, mo sì ń fọ́n ọn ká ojú ọ̀nà bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo gbé apẹ̀rẹ̀ ni mo rí Kaka tó dúró.

"Sannu," ó wí. "Iṣẹ́ ńlá lò ń ṣe yìí."

Mo bú sẹ́kún. Mo jẹ́wọ́ fún un pé bàbá mi ò wí ohun tí mo ní ó wí, pé èmi ni mo sún ìyá mi dé Ọ̀fà, pé ọmọ náà máa kú. Kaka jókòó sórí odó tó ti dojú dé. Ó fara balẹ̀ ṣa ewé kúrò lórí mi ná. Èmi náà ti di arúgbó báyìí, mo wá mọ̀ pé kò sí ohun tó dára tó kéèyàn má yára. Ó ní, "Ọkọ mi lọ sí oko láàárọ̀ òní. Mo gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà yàrá wa lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti padà dé, ó sì ti jẹ túwó méjì. Ìgbálẹ̀ ò wa lọ́rì, ìgbálẹ̀ ò sì wa rélùwéè. Ṣé o rí ìdọ̀tí yìí? Kí àwa tó wà nílé má bàa gbàgbé ẹni tó wà lọ́nà ni. Bí mo bá tẹ ewé, màá rántí ìyá rẹ. Ìwọ ti gbàgbé rẹ̀ láti àárọ̀ ni?" Mo mi orí. "Ó dáa, kí lo wá ṣẹ̀?" Ó bọ ọwọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ mi, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó sì fọ́n ọn sójú ọ̀nà pẹ̀lú mi. Ó ní kí n jẹ́ ká ṣe é tán kí ẹtù má bàa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣàdíkù wá lọ́jọ́ ọjà méjì láìmú ìròyìn kankan wá. Lọ́jọ́ ọjà kẹta, a gbọ́ fèrè lọ́rì láti òkèèrè, kò sì dákẹ́. Ṣàdíkù ò tíì dúró tán tó fi ń kígbe. Gáàdì ọkọ̀ ojú irin ló jíṣẹ́ fún un ní Mínà. Láàárín Mókwà àti Jẹ́bà ni ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Àwọn obìnrin inú ọkọ̀ tú ìró, wọ́n fi ṣe ògiri. Obìnrin kan tó ń ta abẹ́ àti òwú yọ abẹ́ tuntun nínú ọjà rẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa wọ orí afárá Jẹ́bà, ọmọ ti ké. Obìnrin ni. Ó ti dé Ọ̀fà, ó ti kọjá ọjọ́ kẹjọ—"Dúró," bàbá mi wí, "tún èyí wí." Ṣàdíkù tún un wí: wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá Ọ̀fà, tó ti múra sílẹ̀ láti gbẹ̀bí, kò rí nǹkan ṣe ju kó gbé omi gbígbóná wá, ó sì ní ọmọ tí kò lè dúró de òun, Abíọ́nà ni òun máa pè é.

Bàbá mi wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gé sípóòkù kan, tuntun ni, kò lò ó fún kẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni rí, ó sì gbá a mọ́ ògiri láàárín Mókwà àti Jẹ́bà. Wọ́n di mẹ́jọ. Ó ní kí n wá kà wọ́n. Nígbà tí mo bá dé èyí tuntun, orúkọ àbúrò mi ni kí n pè. Kaka na ìgbálẹ̀ sí mi láti ìta, mo sì gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ìyá mi sì padà bọ̀ nígbà tí ẹ̀pà ti gbẹ lórí òrùlé, Abíọ́nà lẹ́yìn rẹ̀. Àwo mẹ́rin ló ń tò láti ọjọ́ yẹn.

Abíọ́nà dàgbà, ó lọ fẹ́ ọkọ sí Ọ̀fà tí kò lè dúró dé lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Èmi ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi ní Galadimawa, ní Àbújá. Ẹsẹ̀ Abíọ́nà ò gbé e mọ́, ẹ̀yìn tèmi ò lè jókòó sínú ọkọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà fún ọdún mẹ́fà láìfojú kan ara wa, à ń pe ara wa lórí fóònù, à ń sọ pé a ó wá. Lọ́dún yìí ni Fàrídà, ọmọ ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, jókòó tì mí lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ń tẹ fóònù.

"Màmá, ẹ mọ bí Ọ̀fà ṣe jìnnà tó?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ó jẹ́ sípóòkù mẹ́jọ."

"Kai, Màmá! Ẹ gbọ́. Àbújá sí Ìlọrin, lókè, ó lé díẹ̀ ní ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà. Kò tó wákàtí kan. Lórí títì ló pọ̀, ọ̀nà yẹn ló ń yí kiri."

"Wákàtí kan? Irọ́."

"Kò tó o! Ẹ ò ní í tíì jẹ bisikíìtì tán."

Mo ní mi ò gun bàlúù rí, mi ò sì ní í bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Ó ní òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má gbọ́ ti wákàtí kan yẹn o. Òwúrọ̀ ni wọ́n ní a ó gbéra, aago méjì ọ̀sán la gbéra. Mo jókòó níbẹ̀ títí mo fi mọ orúkọ gbogbo àwọn tó ń nu ilẹ̀. Inú ń bí àwọn èèyàn, ọ̀gbẹ́ni kan ń fi ọwọ́ lu tábìlì, ṣùgbọ́n inú mi ò bàjẹ́, ìyá mi ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Mínà. Pápá ọkọ̀ òfurufú náà ò jìnnà sí Kúje. Nígbà tí bàlúù náà gbéra tó sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo rí òrùlé lọ súà nísàlẹ̀, mo sì mọ̀ pé lábẹ́ wọn níbì kan ni igi máńgòrò Kaka wà tàbí kò sí mọ́. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n: Sùlẹ́jà, Mínà, Súngérù. Fàrídà ti sọ fún mi pé bàlúù ò gba ibẹ̀, ó ń gba tààrà kọjá ni, ṣùgbọ́n mo kà wọ́n. Nígbà tí mo dé Abíọ́nà, mo rí odò ńlá, ó ń dán nínú oòrùn bí irin tuntun. Mo ní kí n yọjú dáadáa, wọ́n ní ká de bẹ́líìtì. Ìdajì bisikíìtì ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ní Ìlọrin, mo pe Fàrídà. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Màmá, ẹ ti dé? Ẹsẹ̀ yín ti kan ilẹ̀? Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Mọ́mì ti ń pariwo ìdọ̀tí mọ́ mi láti àárọ̀."

Mi ò kọ́ ọ, ẹ gbọ́. Mo kàn ti sọ ìtàn náà fún un lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó wà ní kékeré, mo sì rò pé ó ti sùn.

Ọkọ̀ kékeré gbé mi láti Ìlọrin dé Ọ̀fà. Abíọ́nà jókòó lórí àga níwájú ilé rẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó dára jù lọ, ilẹ̀ iwájú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó gbìyànjú láti kúnlẹ̀, mo ní kó má dààmú orúnkún. A di ara wa mú pẹ́. Lẹ́yìn náà ó tì mí sẹ́yìn, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹrù tó pẹ́ lọ́nà.

"Wákàtí mélòó lẹ lò lójú òfurufú, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Kò tó wákàtí kan."

"Kò tó wákàtí kan," ó wí. "Ẹ sì fi ọdún mẹ́fà rìn ín."

Mo fún un ní ìdajì bisikíìtì tó kù, ó gbà á, ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àga kí n lè jókòó.